Ẹni Tó Ń Bo Dígí

Mo jẹ́ ẹni tó máa ń fura sí ẹni tó bá kí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan. Ìyá tó ni ilé tí dígí ibi iṣẹ́ wa wà lórí òrùlé rẹ̀ ní àdúgbò Banikanni sì máa ń kí mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣọ́ ẹ̀rọ kan lórí òrùlé ọ́fíìsì wa nítòsí ọjà Arzèkè. Ẹ̀rọ náà ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí sí dígí yẹn, dígí á sì dá a padà. Afẹ́fẹ́ máa ń jẹ díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ tó bá wúwo á sì jẹ ẹ́ jù. Ohun tó bá ṣẹ́ kù la fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó lókèèrè. Bí afẹ́fẹ́ bá fúyẹ́ lójijì, ó ṣeé ṣe kí ìjì máa bọ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí òjò bá ti ṣú ni dígí kì í dá ìmọ́lẹ̀ kankan padà mọ́, ìgbà tá a nílò rẹ̀ jù lọ gan-an. Ọ̀gá mi ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí n lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Mo fura sí eruku, mo fura sí wáyà, lẹ́yìn náà mo gbájú mọ́ ìyá onílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run dúdú, mo gun alùpùpù lọ ká a mọ́. Mo bá a lórí òrùlé, ó ń fi aṣọ we dígí pinpin.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi?"

"Èmi tí mo ń gba apárẹ́ì, ẹ̀rọ yín yìí, lọ́wọ́ àrá? Ṣé ìyá tìrẹ kì í bo dígí bí òjò bá ṣú ni?"

Ojú tì mí. Ìyá mi kì í jẹ́ kí àrá kù kó tó bo gbogbo dígí ilé wa. Mo ṣàlàyé pé dígí kì í pe àrá, pé bó bá wà ní bíbò lónìí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Àwọn ọmọ ọmọ mi ló ń sùn lábẹ́ ibí o. Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, ìyá."

Ó tú aṣọ náà. A jókòó sí ẹnu àtẹ̀gùn, dígí wà nítòsí wa. Àrá sán. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti mú aṣọ, mo ti nà án sí dígí.

Ìyá di ọwọ́ mi mú. "Fi í sílẹ̀. Ṣebí o ní ó dá ọ lójú."

Ó gba aṣọ náà, ó jókòó lé e, ó sì pa ojú dé.