Bàbá Àfẹ́sọ́nà Mi àti Pákó Bẹ́ẹ̀dì Wa

Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni mo lọ bá bàbá àfẹ́sọ́nà mi ní Bẹyẹrúnká pé kí wọ́n bá wa dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n ní ó di ìgbà tí pákó bẹ́ẹ̀dì wa bá gbẹ.

Àwọn fúnra wọn ló la igi ìrókò ẹ̀yìnkùlé wọn sí pákó tí wọ́n fẹ́ fi kan bẹ́ẹ̀dì fún wa. Tí òjò bá ṣú, pákó ló ń wọ pálọ̀, èmi á dúró síta. Wọ́n á fi ìka gbá pákó, wọ́n á gbé etí lé e: "Omi ṣì wà nínú eléyìí."

Lánàá mo ní, "Bàbá, ó ti gbẹ o."

Wọ́n fi ìka gbá mi láyà, wọ́n gbé etí lé e. "Ìwọ gan-an ò tíì gbẹ."

Òjò tún ti ṣú báyìí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n lọ ra bẹ́ẹ̀dì lọ́jà, àbí kí n sáré lọ bá wọn kó pákó wọlé?