Ojú Kámẹ́rà Àbúrò Ìyá Mi

"Ẹ sún mọ́ra yín! Ojú kámẹ́rà mi kéré."

Igbe àbúrò ìyá mi tó ń ya fọ́tò n'Ìwó nìyẹn. Àwọn fúnra wọn á máa fẹ̀yìn rìn títí wọn á fi kan ògiri. Nígbà tó yá, wọ́n dán lẹ́ńsì méjì wò níwájú ilé wa, wọ́n sì ra èyí tó gba ilé náà tán láti igun dé igun. Èmi náà wo inú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Iléyá, bàbá mi jókòó. Ìyá mi àti orogún wọn, tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, dúró lẹ́yìn. Ọ̀kadà lè gba àárín wọn kọjá.

Àbúrò ìyá mi wo inú kámẹ́rà títí.

"Ẹ sún mọ́ra yín! Ojú ẹ̀ kéré."

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ìgbà tí èjìká àwọn méjèèjì kan ara wọn ni àbúrò ìyá mi tó tẹ kámẹ́rà.