Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi Tó Fẹ́ Gòkè Bíi Bàálù Ológun

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Igbó-Elérin, bí àjọ̀dún òmìnira bá ti ń sún mọ́, bàálù ológun á máa wá dánra wò lójú ọ̀run wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ gbé Òjó tàbí Ìbà nígbà yẹn á rántí ariwo ẹ̀. Páànù á máa gbọ̀n, adìẹ á sá wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, ìyá mi á sáré bo ìkòkò ẹ̀wà bíi pé bàálù fẹ́ bù níbẹ̀. Àwa ọmọdé á ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, a á bọ́ síta. Bàálù náà á kọ́kọ́ sáré kọjá nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà á nàró, á kọjú sí ọ̀run gangan, á máa lọ.

Bàbá Sájẹ́ńtì, tí yàrá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ti tún ẹ́ńjìnì irú bàálù yẹn ṣe rí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú òkúta, wọ́n jù ú sókè.

"Ta ló ń tì í báyìí?"

A ní kò sẹ́nì kankan.

"Eré tó gbà lọ́wọ́ mi ló fi ń lọ yẹn. Bí eré bá tán ńkọ́?"

Òkúta ló dáhùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí lórí.

Wọ́n ní bàálù náà ò yàtọ̀. Ẹ́ńjìnì ń tì í lóòótọ́, àmọ́ agbára ẹ̀ ò tó ìwúwo bàálù, eré tó ti sá nílẹ̀ ló fi ń gòkè. Bí eré yẹn bá kù díẹ̀, kí páílọ́ọ̀tì yáa ṣẹ́ imú ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kó sọ̀ kalẹ̀ wá gba eré míì. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bàálù á dúró gbagidi, á fi ìdí wálẹ̀. "Ó tún dáa kó fúyẹ́," wọ́n ní.

Nínú gbogbo ẹ̀, "kó fúyẹ́" nìkan ló wọ agbárí mi. Bí mo ṣe ń gbọ́ ti tíṣà náà nìyẹn, torí ẹ̀ ni mi ò fi kọjá fọ́ọ̀mù tíríì.

Àwọn tó ń ṣe títì ti da òkìtì ilẹ̀ pupa kan sí tòsí ilé wa. Ràṣídì, ọmọ lándílọ́ọ̀dù, ti gun kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ dé orí ẹ̀. Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ bàbá tìẹ, pẹ́pẹ́yẹ ni. Kò lè gòkè láéláé."

Káfíńtà ni bàbá mi. Kẹ̀kẹ́ yẹn lẹsẹ̀ wọn. Òun ni wọ́n ń gùn lọ síbi iṣẹ́ nínú Ìbà lọ́hùn-ún, níbi tí bọ́ọ̀sì kì í wọ̀ nígbà yẹn, wọ́n sì ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n jẹ ẹ̀bà tán, wọ́n sùn. Mo rọra tì í jáde. Kó lè fúyẹ́, mo tú aago, mo tú káríà. Mo ro ó pé bíréèkì náà wúwo, mo tú u. Mo wá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

"Ṣòkòtò ńkọ́?" Ràṣídì bi mí. "Òun náà wúwo o!"

Ìdí òkìtì gan-an ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò sáré kankan bọ̀. Mo wà á, mo wà á, itan mi ń gbọ̀n. Ni kẹ̀kẹ́ bá dúró.

"Ṣẹ́ imú ẹ̀!" Bàbá Sájẹ́ńtì pariwo látẹnu ọ̀nà wọn.

Kí n tó rántí ibi tí imú kẹ̀kẹ́ wà, ó ti ń fi ìdí wálẹ̀. Mo wá bíréèkì. Bíréèkì wà nílé, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òpó iná ló dá wa dúró. Wíìlì ẹ̀yìn ká bíi pọ̀ǹmọ́ tó ti jinná jù.

Bàbá mi jáde. Wọ́n wo kẹ̀kẹ́, wọ́n wò mí. "Ṣé egungun ẹ pé?"

"Ó pé, sà."

"Lọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì."

Mò ń retí pàṣán, kò wá. Ìyá mi ló fi omorógùn bá wọn ṣe ti wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi jí mi, wọ́n gbé àpò irinṣẹ́ lé mi lórí. Títí dé títì ni mò ń gbé e lójoojúmọ́. Láti ibẹ̀, wọ́n á gbà á, èmi á lọ síléèwé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni, kí Bàbá Sájẹ́ńtì tó rí wíìlì náà nà.

Lọ́jọ́ kẹta, bàbá mi ṣàdédé bi mí, "Ibo lo tiẹ̀ bá a dé?"

"Ó ku díẹ̀ kí n dé òkè, sà."

"Irọ́. Sájẹ́ńtì ní o ò dé ìdajì." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí wọ́n fọwọ́ di ògiri mú. "O ò ṣe bẹ̀rẹ̀ eré látọ̀nà jíjìn?"

Lóde òní, wọ́n ní bàálù ológun ti wà tí agbára ẹ́ńjìnì ẹ̀ ju ìwúwo ẹ̀ lọ. Á nàró ṣánṣán, eré ẹ̀ ò ní dín kù. Ọmọ mi ló sọ fún mi. Inú kọ̀ǹpútà tí mo rà fún un ní Àlàbá ló ti ń wà á. Bí tiẹ̀ bá já, á tẹ bọ́tìnì, òmíràn á yọ. Mo sọ fún un pé tèmi náà já lẹ́ẹ̀kan, pé ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi fẹsẹ̀ rìn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Dádì," ó ní. "Ẹsẹ̀ á ti dùn yín gan-an."

Mo ní kì í ṣe èmi. Ẹnu títì ni mo ti ń yà lọ síléèwé. Bàbá mi ni wọ́n ń rìn dé Ìbà, tí wọ́n tún ń rìn bọ̀.