Okùn Gíláàsì Vivian àti Kànga Ilé Wa

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Benedict ò bí ọmọ gidi, irọ́ ló ń pa. Vivian ni mò ń wí, ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò yunifásítì ní Okitipupa. Ní Ìkọ̀yà níbí ni mo bí i sí, ó sì bá ìyá ẹ̀ gún ẹyìn títí ó fi parí sẹ́kọ́ńdìrì.

Iṣẹ́ tó ń ṣe, mi ò tètè lóye ẹ̀. Ó mú okùn gíláàsì kan wálé, tín-ín-rín bí irun orí, irú èyí tí àwọn oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń rì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá títì. Ó ní ìmọ́lẹ̀ iná ló ń gba inú ẹ̀ kọjá. Ó ti bó awọ ẹ̀ níbì kan, ó fi nǹkan tó máa ń di òjé mú pa á lára. Tó bá ki okùn náà bọ omi tí òjé wà nínú ẹ̀, iná tó ń jáde lápá kejì á dín kù, kọ̀ǹpútà á sì kọ iye tó fi dín. Ó ní omi náà lè mọ́ gaara, kó má rùn rárá, síbẹ̀ kó máa ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tó fẹ́ yẹ àwọn kànga àdúgbò wò, àwọn èèyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kingsley tó múlé tì mí ní okùn tí ò lè so ewúrẹ́, kí ló fẹ́ rí nínú omi? Ara mi gbóná. Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti kànga tèmi, èyí tí bàbá mi gbẹ́, tí ìdajì àdúgbò ń pọn. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá wo bí omi tó dáa ṣe ń rí. Ẹnu mi yìí!

Vivian ki okùn bọ inú garawa, ó wo kọ̀ǹpútà. Ó ṣan okùn náà, ó fa omi mìíràn, ó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo rí i tí ojú ẹ̀ yí padà. Mo sún mọ́ ọn, mo ní kó jẹ́ ká lọ sọ ọ́ nínú ilé, torí omi kànga yẹn ni Rose, ìyá ẹ̀, fi ń ṣe epo tó ń tà.

Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Wọ́n ń mu ún lọ́wọ́ báyìí, mi ò lè dákẹ́.” Ó yíjú sí àwọn èèyàn. “Òjé wà nínú omi yìí. Ẹ má mu ún mọ́, ẹ má sì fi se oúnjẹ.”

Kingsley bi í pé níbo ni òjé ti wá. Ojú ẹ̀ lọ sẹ́yìn kànga, ojú gbogbo wa sì tẹ̀ lé e. Ààrò mi ló wà níbẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti ń fọ́ bátìrì mọ́tò àtijọ́ níbẹ̀, tí mò ń yọ́ òjé inú ẹ̀ fún àwọn apẹja Igbókòdá, tí wọ́n ń so ó mọ́ ìsàlẹ̀ àwọ̀n kó lè rì. Omi inú bátìrì, etí kànga ni mò ń dà á sí, torí ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń tètè fà á mu. Mo tiẹ̀ máa ń fọ́nnu pé àgbàlá mi mọ́ ju ti gbogbo alágbẹ̀dẹ lọ.

Inú bí mi. Mo ní kó kó okùn ẹ̀ kúrò nílé mi. Ó kó o, ó kọjá sí kànga Kingsley. Tiẹ̀ dáa. Ti ṣọ́ọ̀ṣì dáa. Tèmi nìkan ni kò dáa. Rose ò bá mi jà. Ó da gbogbo omi tó wà nílé nù, ó sì lọ jókòó.

Èmi náà jókòó ti kànga títí oòrùn fi rọ̀. Ọmọ tó lè sọ òótọ́ nípa kànga bàbá ara ẹ̀ lójú gbogbo ayé, ta ló tún máa pa á lẹ́nu mọ́? Ó dùn mí wọ eegun, inú mi sì tún ń dùn.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo wó ààrò, mo sì fi pákó kan ẹnu kànga pa. Kingsley wá dúró tì mí, ó ní ta ló ní kí n ti kànga bàbá mi pa.

Mo ní, “Ọmọ mi ni.”

Ó ní, “Ṣé o sì mọ̀ pé ìwọ lo bà á jẹ́?”

Mo bọ́ sójú ọ̀nà, níbi tí àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ ti lè gbọ́ mi. Mo ní, “Èmi Benedict ni mo ba omi yìí jẹ́. Vivian ọmọ mi ló rí i. Ẹ lọ máa pọn ti Kingsley.”