Mùínátù rí Àgùàlà kó tó kọ ọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó!

Èmi tí mi ò parí sẹ́kọ́ńdìrì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé àdúgbò wa ní ìrọ̀lẹ́. Àǹtí tó ni kíláàsì ti kìlọ̀ pé tí wọ́n bá tún da iṣẹ́ kọ látinú fóònù, òun á lé mi.

Mo ní kí kálukú wádìí pílánẹ́ẹ̀tì kan. Lónìí, àwọn ọmọkùnrin kọ ohun kan náà. Wọ́n tiẹ̀ da "Tẹ ibí kí o kà sí i" kọ mọ́ ọn! Inú bí mi gan-an.

Ló bá kan Mùínátù. Ó kà á pé:

"Nígbà tí à ń wá oṣù ààwẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, mo rí ìmọ́lẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá àgbà ní Àgùàlà ni. Fóònù ní pílánẹ́ẹ̀tì ni. Mo wò ó títí ọrùn fi dùn mí."

Mo ní, "Ta ló bá ẹ kọ ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ lọ wò ó!"

Àǹtí, tó ti ń gbọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà, rẹ́rìn-ín sí mi. "Máa kọ́ wọn lọ, jàre."

Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, gbogbo wa jáde síta. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́! Èmi ni mo pariwo jù.

Ẹ bojú wo ìwọ̀ oòrùn ládùúgbò yín. Ṣé ẹ rí i?