Nọ́ńbà Tí Wọ́n Ń Pàtẹ́wọ́ Fún

Orí òkè Agbaja ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ fura pé nǹkan kan kò ṣe déédéé lára mi. A ti gun òkè tán, a ti fi kẹ̀kẹ́ wa ti igi, a ti jókòó, àwọn kan sì ti ń jẹ àgbàdo sísun. Gbogbo ẹni tó wọ aago tó ń ka lílù ọkàn sọ́wọ́ ló ń wo bí nọ́ńbà tirẹ̀ ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Tèmi kọ̀. Igba lé mẹ́wàá ló wà nígbà tí mo dókè. Àwọn yòókù ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, tèmi ṣì lé ní ọgọ́jọ. Mo jókòó jẹ́ẹ́, mi ò mira, àyà mi sì ń lù kì-kì-kì bí àyà ẹni tí wọ́n ń lé.

Wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé orí wa ló dàrú. Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba, tíṣà àti oníṣòwò díẹ̀ ní Lọ́kọ́ja la jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ Sátidé. Alhaji Sàláwù, tó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ní ọjà Kpata, ni olórí wa. Ìlọrin ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Lọ́kọ́ja ni wọ́n bí i sí, kò sì sí ọ̀nà tí kò mọ̀. Òun ló dá àṣà kan sílẹ̀: nígbàkígbà tí a bá gun Agbaja, ẹni tí nọ́ńbà aago rẹ̀ bá ga jù ni Ọba Òkè. Ọba Òkè ló máa jókòó lórí ẹní Alhaji, òun ló máa kọ́kọ́ mú àgbàdo, gbogbo wa á sì máa kúnlẹ̀ kí i títí a ó fi sọ̀kalẹ̀. Eré ni. Lójú tiwa, ọkàn tó bá ń lù jù ni ọkàn tó ṣiṣẹ́ jù, ẹni tí tirẹ̀ bá sì rọlẹ̀, ọ̀lẹ ni.

Èmi ọmọ Kàbà, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ti lé lógójì ọdún, mi ò fẹ́ràn ipò kejì. Mo jọba òkè yẹn títí wọn ò fi pe orúkọ mi mọ́. Alhaji á rí mi lókèèrè láàárín ọjà, á ní "Kábíyèsí!" Èmi náà á sì mi orí bí ẹni tó ní adé lóòótọ́.

Ìyìn náà kò mọ sórí òkè. Ní ọ́fíìsì, wọ́n ń bi mí kí ni mo ń lò tí mo fi ń fọn báyìí. Mo ní kẹ̀kẹ́ ni. Gbogbo síkẹ́ẹ̀tì mi ló ti di ohun tí mo ń fi pín-ìnnì gbá mú. Ẹ sì wá wo bí mo ṣe ń jẹun! Mo máa jẹ iyán tán, kí àwọn ọmọ tó palẹ̀ àwo mọ́, mo ti tún ṣí ìkòkò. Oorun mi ti dín kù, mo máa ń jí gbálẹ̀ ṣáájú gbogbo àdúgbò, mo sì ń pe ìyẹn ní agbára. Òógùn ń bò mí. Ṣùgbọ́n ta ni ooru Lọ́kọ́ja kì í mú? Ìlú tó wà láàárín omi àti òkè, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń há síbẹ̀ ni. Kò sí ohun kan nínú gbogbo rẹ̀ tí mi ò rí àlàyé fún.

Lẹ́yìn ọjọ́ Agbaja yẹn, aago ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo bọ́ ọ fún ọkọ mi, Bàbá Tósìn, tó jẹ́ tíṣà, kó wọ̀ ọ́ wò. Nọ́ńbà tirẹ̀ dára, kò ju àádọ́rin àti díẹ̀ lọ. Mo ní aago náà kò fẹ́ràn awọ mi nìyẹn. Alhaji bá gbé bẹ́líìtì kan wá, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ àyà, tí kì í ṣìṣe bíi ti aago. A dè é mọ́ mi, mo gun kẹ̀kẹ́ dé ojú títì Ganaja, mo padà. Ohun tí aago sọ náà ni bẹ́líìtì sọ. Ibi tó yẹ kí ẹ̀rù ti bà wá gan-an nìyẹn. A yọ̀ ni. Alhaji mi orí, ó ní ọkàn akọni ni Ọlọ́run fún mi. Wọ́n ní wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá; àwa kò tiẹ̀ pa làpálàpá, aago là ń yẹ̀ wò.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni àṣírí ti tú. Pásítọ̀ ń wàásù, mo jókòó, mo fẹ̀yìn ti àga. Aago bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo wò ó: àádóje, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkàn mi ń sáré nígbà tí ara mi kò ṣe nǹkan kan. Mo bọ́ ọ, mo jù ú sínú báàgì. Wọ́n ní ká dìde kọrin. Mo fẹ́ dìde, itan mi kò gbé mi. Mo tún gbìyànjú, ó kọ̀. Èmi tí mo ń gun Agbaja! Bàbá Tósìn ki ọwọ́ bọ abíyá mi, ó gbé mi dìde, ó sì rí bí ìwé orin ṣe ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Kò wojú mi rárá.

"Ìyá Tósìn," ó ní, "ilé ìwòsàn lọ́la. Mi ò bi ọ́ léèrè o, mò ń sọ fún ọ ni."

Orí bẹ́ǹṣì tí a jókòó sí lọ́jọ́ kejì, èrò pọ̀. Nọ́ọ̀sì dé ọ̀dọ̀ mi, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń kà. Ó wojú mi, ó tún kà á. Ó fi mí sílẹ̀, ó wọlé, ó sì mú dókítà jáde. Gbogbo àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí a tó dé ń wò mí bí wọ́n ṣe mú mi kọjá lójú wọn. Ní ilé ìwòsàn wa, wọn kì í pe ẹni tó dé kẹ́yìn ṣáájú tí nǹkan kan ò bá ṣe é.

Obìnrin Ígálà kan ni dókítà náà, kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Ó ní kí n na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú, kí n ya ìka. Ó mú bébà fẹ́lẹ́ kan, ó tẹ́ ẹ lé ẹ̀yìn ìka mi. Bébà náà ń gbọ̀n bí ewé. Mo sapá kí ó dúró, kò dúró. Ó fún mi lómi mu, ó ń wo ọrùn mi bí mo ṣe ń gbé e mì. Wọ́n lẹ nǹkan mọ́ àyà àti ẹsẹ̀ mi, ẹ̀rọ kan sì ya bí ọkàn mi ṣe ń lù sórí ìwé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀.

Dídúró de èsì ẹ̀jẹ̀ yẹn ló burú jù. Oògùn tó ń fa ìjánu ọkàn ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, lẹ́yìn tí dókítà ti béèrè bóyá mo ní ikọ́ sémìísémìí, nítorí kò dára fún ẹni tó bá ní in. Mo ń wo àwọn ọmọ mi tí wọ́n ń jà lórí ẹran, mo sì ń rò ó pé ta ni yóò máa là wọ́n. Mo sunkún, kí n má purọ́.

Nígbà tí èsì dé, dókítà fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ohun kékeré kan wà níwájú ọ̀fun gbogbo wa, ó rí bíi labalábá tó na ìyẹ́. Táírọ́ọ̀dì ni wọ́n ń pè é. Omi kan ló ń sun sínú ẹ̀jẹ̀, omi yẹn ló sì ń pàṣẹ bí ara yóò ṣe yára tó: bí oúnjẹ yóò ṣe tètè jó tó, bí ara yóò ṣe gbóná tó, bí ọkàn yóò ṣe lù tó. Tèmi ti ń sun ún ní àsunjù. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa ṣọ́ ara mi lọ́wọ́ àìsàn ló ṣì í mú, wọ́n ń tì í nítìkutì. Ara mi ti dà bí ìkòkò tí wọ́n ń koná mọ́ láìsinmi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń jẹ tí mo ń gbẹ, tí itan mi fi ń rọ.

"Mà, kì í ṣe pé ẹ lágbára," dókítà ní. "Ọkàn yín ń sáré kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́ rárá. Bí ẹ bá tún gun òkè yẹn, ó lè má bọ̀ sípò mọ́."

Mo ka gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ọkàn mi: fífọn tí wọ́n ń jowú, jíjí tí mò ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹní Alhaji tí mò ń jókòó lé. Kò sí ohun kan tí wọ́n yìn mí fún tí kì í ṣe àìsàn.

Mo pe ìyá mi ní Kàbà, mo sọ ohun tí dókítà rí ní ọ̀fun mi fún wọn. Wọ́n ní gẹ̀gẹ̀ kẹ̀? Níbo ló wà lọ́rùn mi tí àwọn kò rí i? Mo ní inú ló wà, kò tíì yọ síta. Wọ́n wá ní, "Òkun o." Lọ́dọ̀ wa, ìyẹn là ń kí ẹni tó ti oko dé, òun náà là ń kí ẹni tó ru ẹrù tó wúwo. Wọn kò fi nǹkan kan kún un, ó sì tó mi.

Alhaji wá kí wa nílé. Ó ti mú àgbàdo lọ́wọ́, ẹ̀fẹ̀ ló sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí dókítà ṣe sọ ọ́ fún mi. Ó gbé àgbàdo sílẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó fi nu ojú, mo sì rí i pé kì í ṣe òógùn ló ń nù.

"Màmá Tósìn," ó ní, "ikú la ń pàtẹ́wọ́ fún."

Bàbá Tósìn lọ bu omi fún un.

Mi ò ní parọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí torí pé ara ń ṣe yín bẹ́ẹ̀: oògùn náà gba sùúrù. Ọ̀kan ń dín omi táírọ́ọ̀dì kù, ọ̀kan ń fa ìjánu ọkàn. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé bí ibà bá mú mi tàbí bí ọ̀fun bá ń dùn mí, kí n dá oògùn tó ń dín omi yẹn kù dúró, kí n má jókòó sílé, kí n wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kíákíá, nítorí ó lè jẹ́ pé oògùn náà ń pa àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Ara yún mi. Ó rẹ̀ mí gan-an, àárẹ̀ gbogbo oṣù tí mo ti ń sáré láìmọ̀ ló dé lẹ́ẹ̀kan náà. Inú ń bí mi sí àwọn ọmọ lásán. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi dúró. Oorun padà. Ẹran ara náà padà, àwọn ará ọ́fíìsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú mi. Wọ́n ní kí ló dé, ṣé mo ti pa kẹ̀kẹ́ tì ni? Mo ní ẹ bá mi dúpẹ́. Wọn ò mọ ohun tí mo ń sọ, mi ò sì bínú sí wọn, torí èmi náà kò mọ̀ ọ́n nígbà kan.

Nígbà tí dókítà ní mo lè gun òkè, ó ní kí n rọra, àti pé mi ò gbọdọ̀ yé wá ṣe àyẹ̀wò, nítorí àìsàn yìí lè padà. Mo gun Agbaja bí ìyá àgbà. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi kọjá lára mi, mo jẹ́ kí wọ́n kọjá. Èmi ni mo dókè kẹ́yìn.

Kò sí Ọba Òkè mọ́. Alhaji ti tẹ́ ẹní rẹ̀ fún gbogbo wa. Àṣà tuntun tó dá sílẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan àgbàdo títí aago gbogbo èèyàn yóò fi sọ̀kalẹ̀. Tèmi nìkan ló kù. Wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Ogóje. Ó rọra ń bọ̀. Ọgọ́fà. Ẹnì kan fẹ́ wúkọ́, ó gbé e mì. Nígbà tó wọ ọgọ́rùn-ún tó tún lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, Alhaji gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti pàtẹ́wọ́. Ó rántí. Ó rọra gbé ọwọ́ náà lé àyà ara rẹ̀.

Èmi náà gbé tèmi lé àyà mi. Ó ń lù, ó ń sinmi, ó ń lù. Ó ti ru mí gun òkè yìí nígbà tó ń kú lọ, mo sì gba ìyìn lórí rẹ̀. N kò kí i lẹ́ẹ̀kan rí. Mo tẹ orí ba, mo kí i bí a ṣe ń kí ẹni tó ti oko dé.

Mo ní, "Òkun o."