Ẹ Kó Kúrò!

Nígbà tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlaròó, ìṣirò owó ni mo fẹ́ kọ́. Mo ti ń rí ara mi nínú báǹkì, pẹ̀lú bàtà gogoro àti ẹ̀rọ amúlétutù. Àmọ́ máàkì mi ò tó, ni wọ́n bá tì mí sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ni bí èèyàn ṣe ń múra de jàǹbá: iná, omíyalé, ilé tó wó, ọkọ̀ tó dojú dé. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, máa ń sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Ọmọ mi ń kọ́ iṣẹ́ pàjáwìrì." Wọ́n á ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó ríṣẹ́ ṣe o!" Èmi náà á ṣe àmín, gbogbo wa á sì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà wọ̀ mí lára. Mo wá di ẹni tí kì í jókòó síbi kankan láì kọ́kọ́ ka iye ilẹ̀kùn tó wà níbẹ̀. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán.

Lọ́dún tá a máa jáde, olùkọ́ wa ní kí kálukú lọ gbé abúlé kan fún oṣù mẹ́ta, kó kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa ṣe bí jàǹbá bá dé. Abúlé kan lọ́nà Ìmẹ̀kọ, tí kò jìnnà sí bọ́dà, ni wọ́n fún mi. Iṣẹ́ oko ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àmọ́ fàyàwọ́ epo bẹntiróòlù ló ń gbọ́ bùkátà. Kẹ́ẹ̀gì epo wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, títí dìgbà tí ọ̀nà bá dáa tí wọ́n á kó o kọjá. Mo bá Baálẹ̀ sọ ọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, fi tepo sílẹ̀. Ohun tó o bá wá kọ́ wa ni kó o kọ́ wa."

Màmá kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó ń yan gààrí, ló gbà mí sílé. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà nílé ọkọ ní Kùtọnu, yàrá ọmọ yẹn ló fún mi. Bí mo bá fẹ́ pọnmi, á gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi: "Gbé e sílẹ̀, ọmọ ìwé. Ṣé omi ni wọ́n ní kó o wá máa pọn?" Òun fúnra rẹ̀ ló to bíríkì sábẹ́ àpótí tí mo kó ìwé àti ìwé-ẹ̀rí mi sí, kí ikán má bàa jẹ ẹ́. Kò mọ̀wé kà, àmọ́ bí mo bá ti ṣí ìwé, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ sókè nínú ọgbà.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tí olùkọ́ fún wa. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń lò bí ewu bá dé tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ jáde kúrò níbi tí wọ́n wà. Mo ronú títí, mo wá pè é ní "Ẹ kó kúrò!" Inú mi dùn gan-an. Mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ilé-ìwé wọn. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ní kó kó kúrò, ẹrù ló máa kọ́kọ́ dì? Bí onílé bá fẹ́ lé ayálégbé, ohun tó máa sọ náà nìyẹn. Ọmọ Yorùbá ni mí, mi ò sì gbọ́ ohun tí èmi fúnra mi kọ.

Ọjọ́ tá a ṣe ìdánrawò, mo fọn fèrè, mo pariwo, ni wọ́n bá ń jáde. Ẹnì kan ru mátíràásì, ẹnì kan gbá tẹlifíṣọ̀n mọ́yà, bàbá kan ń fa ewúrẹ́ méjì tí kò fẹ́ lọ. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo ya fọ́tò wọn. Olùkọ́ mi wò ó, ó ní abúlé tèmi ló múra jù, máàkì tèmi ló sì ga jù ní kíláàsì. Mo gbéra ga, mi ò ní purọ́.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí n padà sílé nígbà tí bọ́ọ̀sì kan tó kún fún kẹ́ẹ̀gì epo sá fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù wọ abúlé lọ́sàn-án gangan. Ó lọ fara pamọ́ sáàárín ilé wa àti ilé kejì. Epo ń jò lára rẹ̀, iná ìdáná sì wà nítòsí. Mo kàn gbọ́ "bùú!" ni, ooru sì gbá mi lójú. Mo fọn fèrè, mo ń sáré kiri, mo ń pariwo bí mo ṣe kọ́ wọn: "Ẹ kó kúrò! Ẹ kó kúrò o!"

Wọ́n gbọ́ràn. Yéè, wọ́n gbọ́ràn sí mi lẹ́nu! Àwọn tó ti wà níta gan-an sáré padà wọlé lọ di ẹrù.

Mo dúró sábẹ́ igi máńgòrò tí mo ní ká ti máa pàdé, mo ń ka èèyàn bí wọ́n ṣe ń dé. Màmá dé. Ó ti bọ́, kò sóhun tó ṣe é, báàgì aṣọ kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kà á mọ́ wọn. Ó gbé báàgì náà sílẹ̀, ó ní, "Ẹrù tèmi nìyí. Jẹ́ kí n lọ kó tìẹ wá, ìwé rẹ wà níbẹ̀." Mi ò fẹ́ kí ohun tí mò ń kà dà rú mọ́ mi lójú, mi ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá."

Ìgbà tí ohun tó sọ tó wọ̀ mí létí, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún méjì mọ̀ tó wá sí mi lẹ́nu. "Ẹ sá, Màmá! Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ sá!" Kẹ́ẹ̀gì tó wà nínú ilé kejì bú gbàmù, òrùlé ilé wa sì wó lé e lórí. Iná jó àwọn míì lápá, ó jó wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n yè é. Màmá nìkan la sin.

Ọmọ rẹ̀ dé láti Kùtọnu lọ́jọ́ kejì. Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ní, "Wọ́n ní Màmá ti jáde. Kí ni wọ́n padà lọ mú?" Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí èmi àti Màmá jọ sọ. Mo wo ilẹ̀, mo ní mi ò mọ̀. Ó ní ó ní láti jẹ́ ìwé ilẹ̀ bàbá òun.

Èmi náà ti di olùkọ́ nínú iṣẹ́ yìí báyìí. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo máa ń ní kí wọ́n pariwo "Ẹ sá!" títí ohùn wọn á fi há. Mo máa ń sọ ìtàn abúlé yẹn fún wọn, mo sì máa ń sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan báyìí ló kọ ọ̀rọ̀ burúkú yẹn sára ògiri. Wọ́n á bú u pé aláìmọ̀kan ni. Mi ò kì í dá wọn lẹ́kun.

Ọdọọdún ni ọmọ Màmá ń pè mí lórí fóònù láti kí mi kú ọdún. Lọ́dún yìí, ó tún dúpẹ́ pé èmi ni mo wà lọ́dọ̀ ìyá òun ní gbogbo oṣù tó lò kẹ́yìn láyé. Ó ní, "Bó o ṣe tọ́jú ìyá mi, Ọlọ́run á rán ẹni tó máa tọ́jú tìẹ." Mo ti la ẹnu, mo fẹ́ sọ ọ́ fún un. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí, tó ń retí kí n dáhùn. Mo ní, "Àmín, Ẹ̀gbọ́n."